Ìwé Méjìlá Tó Bá Ràkúnmí Lọ

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ nǹkan tọ́jú ní abúlé Burka Dera, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ síbòmíràn, ọ̀dọ̀ Tíṣà Halake ni kí ẹ yà sí. Ọkùnrin náà lè fi ẹyọ ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ṣe oṣù kan ààbọ̀. Yóò kọ́kọ́ dá a sí mẹ́ta, bí ìdá kan bá sì kù bí èékánná, yóò fi bébà wé e nídìí kó lè rí i dì mú. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò fi omi nu pátákó ìkọ̀wé, nítorí inú kànga ni omi wà, kànga sì jìnnà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń tọ́jú jù lọ ni ìwé méjìlá tí ìjọba kó wá fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà tó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Inú àpótí irin ni wọ́n ń gbé. Àgádágodo méjì ló wà lẹ́nu àpótí náà, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sì wà lọ́rùn Halake, wọ́n ń ró wọ́rọ́wọ́rọ́ débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbọ́ ọ kí wọ́n tó rí i.

Bí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin nínú ìwé náà ni yóò yọ jáde, mẹ́rin péré. Yóò yẹ èékánná gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n wò. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò ti ìka bọ itọ́ kó tó ṣí ojú ewé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wàrà tán yóò jókòó sẹ́yìn, yóò máa wo ìwé lókèèrè bí ìyàwó tuntun tó ń yẹra fún bàbá ọkọ. Bó bá di wákàtí kan géérégé, Halake á ti gbà wọ́n padà, á ti kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, á ti fẹ́ eruku orí wọn nù, á ti dá wọn padà sínú àpótí. Ọdún mẹ́ta rèé, ojú ewé kan ò ya. Halake a máa fi èyí yangàn níwájú àlejò. Kò tíì sí àlejò kan tó bi í pé ta ló ti ka ọ̀kankan parí nínú wọn.

Ẹ má pè é ní ahun o. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ darandaran ni Halake. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kó tó fọwọ́ kan ìwé, inú yàrá onípáànù yìí kan náà ló sì ti fọwọ́ kàn án. Nígbà náà, ìwé méjì ló wà fún gbogbo kíláàsì, eku ti jẹ iwájú wọn, eku ti jẹ ẹ̀yìn wọn. Láti àárín ni Halake ti kọ́ ìwé kíkà. Títí dòní kò mọ bí ìtàn tó kọ́kọ́ kà láyé ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ bó ṣe parí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ìjọba kó ìwé méjìlá tó lórí tó nídìí dé, ọkùnrin náà kọ ojú sí ògiri, ó sunkún. Ẹni tí ebi ti pa dójú ikú rí kì í fi oúnjẹ ṣeré.

Ìṣòro kan ló wà. Bí ọ̀dá bá ti mú, koríko á tán ní Burka Dera, ràkúnmí á gba ẹ̀yìn ilẹ̀ olókùúta dúdú lọ, àwọn tó ni wọ́n á sì tẹ̀ lé wọn. Kíláàsì tó ní èèyàn méjìdínlọ́gbọ̀n á di ti èèyàn márùn-ún. Halake á bá wọn wí títí, á ní ràkúnmí ò ní kọ́ wọn níwèé. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà, òótọ́ lẹ sọ. Wọ́n á tú ilé wọn palẹ̀, wọ́n á dì í sẹ́yìn ràkúnmí, ó di ìgbà òjò.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, lẹ́tà kan tẹ̀ lé ọ̀dá dé. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ló kọ ọ́. Wọ́n ní nǹkan ìjọba kò pọ̀, ilẹ̀ gbígbẹ sì tóbi, nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ yòówù tí kò bá lo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ìyẹn olùkọ́ àti yàrá àti ìwé, àwọn yóò tì í pa, àwọn yóò sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú orí òkè níbi tí èèyàn pọ̀ sí. Ogún akẹ́kọ̀ọ́ ló kéré jù. Ọ̀gá kan yóò wá fojú ara rẹ̀ rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Láti Burka Dera dé ìlú orí òkè, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni, kò sì sí ìyá arúgbó kan tí yóò rin ọjọ́ mẹ́ta nítorí á-bí-dí.

Halake ka lẹ́tà náà sétí àwọn márùn-ún tó ṣẹ́ kù. Nígbà tó kà á tán, ó ní òun yóò tún pátákó kùn, òun yóò gbá ilẹ̀, òun yóò sì to ìwé méjèèjìlá sórí tábìlì kí ọ̀gá náà lè rí i pé kò sí èyí tó dọ̀tí.

Wato, Ìyá Jillo, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Opó ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá ju Halake lọ, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ jókòó lórí ẹní kan náà láyé ìwé tí eku jẹ. Halake kàwé yọrí, ó di tíṣà. Wato ní ràkúnmí mọ́kànlá, ọdọọdún ni ọ̀dá ń gbé e kúrò ní kíláàsì láàárín ẹ̀kọ́, ọdọọdún ló sì ń padà wá bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kẹsàn-án. Bí inú rẹ̀ bá dùn, Tíṣà ló ń pe Halake. Bí kò bá dùn, orúkọ ló ń pè é.

"Halake," ló wí, "bí èèyàn bá ní abo ràkúnmí, tí wàrà kún ọmú rẹ̀, tó so ó mọ́lé, tí kò fún un, tí kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì fún un, kí là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Halake di kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ mú.

"Wèrè là ń pè é. Ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí o. Ìbéèrè lásán ni mo bi ọ́, ṣebí kíláàsì la wà."

Àwọn tó kù fi aṣọ bo ẹnu, èjìká wọn ń mì. Halake ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn, kí wọ́n yéé fi àkókò ṣòfò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Wato dé ilé Halake pẹ̀lú ìkòkò kékeré kan. Èso kọfí tí wọ́n fi bọ́tà dín ló wà nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó mú tábà dání. Àgbà méjì ló tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú wọn sì ni Bàbá Elema, arúgbó tó máa ń sọ ní gbangba pé iṣẹ́ ẹni tí kò ní ràkúnmí ni ìwé kíkà. Ó yẹ kí Halake fura. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fẹ́ràn kọfí, bọ́tà sì ti di ohun àwátì láti ìgbà tí ọ̀dá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti rún èso kẹta lẹ́nu kó tó rántí béèrè pé kí ló dé.

Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá gbé kọfí àti tábà wá sílé ẹni níwájú ẹlẹ́rìí, nǹkan ló fẹ́ yá. Dabare ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ní ràkúnmí yóò yá ẹni tí kò ní ní abo kan, ẹni yẹn yóò máa mu wàrà rẹ̀, ràkúnmí yóò sì ṣì jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Ẹni tó yá a lè tún fi yá ẹlòmíì tí ebi ń pa jù ú lọ, bó bá ṣáà ti lè sọ ibi tó wà. Bí ẹnu rẹ bá sì ti kan kọfí, o ò lè sọ pé rárá mọ́, àfi tí o bá fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ rẹ dẹ́rù ba ọmọdé. Halake ní ràkúnmí kan ṣoṣo, abo arúgbó tí ọmú rẹ̀ ti gbẹ láti ọdún tó kọjá. Ó rò pé abo náà ni wọ́n wá yá. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú ara rẹ̀ pé Ìyá Jillo gbọ́n títí, ó ti gbọ́n kọjá ilé.

"Ìwé ni mo wá yá," ni Wato wí. "Méjèèjìlá."

Kọfí há ọkùnrin náà lọ́fun. Ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìwé kì í ṣe ràkúnmí. Ó ní bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ràkúnmí pàápàá, òun kọ́ ló ni wọ́n, ìjọba ló ni wọ́n.

Bàbá Elema wo ìkòkò náà, ó wo Halake. "Ìjọba ọ̀hún, ta ló ń bá a jẹ kọfí rẹ̀ níhìn-ín?"

"Wọ́n á ya," ni Halake wí.

"Wọ́n á ya," ni Wato gbà fún un. "Ràkúnmí náà máa ń kú lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n èyí tí o so mọ́lé yẹn, Tíṣà, ṣé o gbọ́ pé ó bímọ ni?"

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìwé méjèèjìlá ti jáde nínú àpótí. Halake wé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú awọ ewúrẹ́, ó sì ń kìlọ̀ bí ẹni tó ń sin ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ: ẹ má gbé e sínú oòrùn, ẹ má gbé e sẹ́bàá iná, ẹ má fi ọwọ́ ọlọ́ràá kàn án. Wato àti méjì nínú àwọn tó kù ní kíláàsì pín in láàárín ara wọn. Wọ́n ní àwọn yóò máa fi ìwọ̀nba tí àwọn mọ̀ kọ́ àwọn èèyàn ní àgọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ku èèyàn méjì fún Halake, abiyamọ kan àti ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi jẹun dáadáa. Àpótí ti ṣófo, síbẹ̀ ó tún tì í, ó ti àgádágodo méjèèjì, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ padà sọ́rùn.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ti ọ̀nà àgọ́ dé kò ní ráyè mu omi kí Halake tó dá a dúró. Kò ní bi í léèrè ìyàwó, kò ní bi í léèrè ọmọ. Ìwé kẹta ńkọ́? Ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó gbà á, ó ti wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ lẹ́bàá òkè pupa. Ìkarùn-ún ńkọ́? Ewúrẹ́ ti jẹ èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ pé. Ìkeje bọ́ sínú wàrà, wọ́n ti sá a, ó ti gbẹ, ó kàn ń rùn díẹ̀ ni. Halake á di àyà mú, á jókòó. Síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń kó sórí, bí àwọn bàbá rẹ̀ ti ń kó gbogbo ràkúnmí tí wọ́n fi yá èèyàn sórí. Kò kọ ọ̀kankan sílẹ̀, kò sì gbàgbé ọ̀kankan.

Báyìí ni oṣù márùn-ún ṣe lọ. Ọ̀gá tí wọ́n ń retí ní oṣù kẹfà wá dé ní ìparí oṣù karùn-ún, láìránṣẹ́. Màdáámù Kagendo lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ olójò ni, ó wọ bàtà funfun, èyí tó fi hàn pé kò dé ìhà ibẹ̀ rí. Halake sè tíì fún un. Nígbà tó mu ún tán, ó tún sè é. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin náà gbé ife sílẹ̀, ó wo abiyamọ àti ẹlẹ́sẹ̀ dídùn tí wọ́n jókòó lórí ẹní, ó sì ní kí Tíṣà ṣí àpótí ìwé.

Halake yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Ó ṣí àgádágodo kìn-ín-ní, ó nu ún, ó gbé e sílẹ̀. Ó ṣí èkejì. Bí ẹni pé bó bá pẹ́ tó, ìwé lè padà wọbẹ̀ kó tó gbé ọmọrí sókè. Ìdá mẹ́ta ṣọ́ọ̀kì kan ló wà nínú àpótí náà, àti òkú àkekèé.

"Tíṣà," ni Màdáámù Kagendo wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "èwo nínú méjèèjì lẹ ń fi àgádágodo méjì ṣọ́?"

Halake bẹ̀rẹ̀ sí í ka àgọ́ fún un. Ìwé kìn-ín-ní wà lọ́dọ̀ lágbájá, tó gbà á lọ́wọ́ tàmẹ̀dò. Ó kà á dé ìkejìlá láìwo bébà, láìdánu dúró. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán. Ó ní òun ti rí tíṣà tó ta ìwé, òun ti rí tíṣà tí ikán jẹ ìwé mọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí èyí tó fi ìwé ránṣẹ́ sí ràkúnmí. Ó fa fọ́ọ̀mù rẹ̀ yọ. Akẹ́kọ̀ọ́, méjì. Ìwé, kò sí. Halake rí ibi tí bírò náà ń lọ, ó sì mọ ohun tí obìnrin náà yóò kọ síbẹ̀.

"Màdáámù, inú yàrá yìí ni mo ti kọ́ ìwé," ló wí. "Bí ẹ bá tì í, àwọn tó wà lẹ́yìn òkúta dúdú yẹn ò ní rí ibòmíì lọ mọ́."

Obìnrin náà kò jágbe mọ́ ọn, kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n òun kò lè kọ ohun tí òun kò rí. Ó ní ìwé ìjọba pàápàá, òun kò lè fi í sílẹ̀ nínú igbó, dandan ni kí òun gbà á padà kí òun tó lọ. Níbo ni wọ́n ti lè rí i? Halake ka ọjọ́ lórí ìka. Ó ní ọjọ́ omi àwọn àgọ́ mẹ́ta ni òní, kànga ńlá ni wọn yóò ti pàdé. Bí mọ́tò bá yára, wọ́n lè bá wọn níbẹ̀.

Gbogbo ọ̀nà ni Halake fi ń gbàdúrà pé, ó kéré tán, kí ìwé kan mọ́. Ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ ti lọ. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ìtìjú náà má pọ̀ jù.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, eruku ràkúnmí ti bo ojú ọ̀run. Àwọn ọmọkùnrin tó wà nínú kànga ń kọrin, wọ́n ń fi korobá lé ara wọn lọ́wọ́ láti ìsàlẹ̀ dókè, agbo ẹran kan ń mu, ọ̀pọ̀ agbo ń dúró. Ẹni tí kò tíì kàn kò ní iṣẹ́ méjì ju kó jókòó lọ. Ìdúró náà lè gbà láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún mẹ́ta, èèyàn jókòó ní òbírí òbírí, àgbàlagbà ni gbogbo wọn, wọ́n ki orí bọ àárín bí ẹni tó ń pín ẹran. Màdáámù Kagendo fi bàtà rẹ̀ tí kò funfun mọ́ tẹ eruku lọ síbẹ̀. Ìwé kan ló wà láàárín òbírí kọ̀ọ̀kan, lórí awọ ewúrẹ́.

Ó kí wọn, wọ́n kí i. Ó béèrè ta ló lè kàwé níbẹ̀. Bàbá Elema lẹni tó ká ọwọ́ aṣọ sókè.

Halake rò pé bàbá náà ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, inú sì bí i, nítorí ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀fẹ̀. Màdáámù Kagendo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ìwé, ó gbé e lé arúgbó náà lọ́wọ́ bó ṣe yẹ. Bàbá Elema tẹjú mọ́ ọn. Ó sún un sẹ́yìn, ó sún un síwájú. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ràkúnmí kan ké, Màdáámù Kagendo sì yí ojú sí Halake pẹ̀lú àánú. Ìgbà náà ni arúgbó náà dorí ìwé kodò.

"Bàbá," ni Màdáámù wí jẹ́jẹ́, "ẹ ti dorí rẹ̀ kodò."

"Ìwọ lo dorí rẹ̀ kodò kí o tó gbé e fún mi," ni Bàbá Elema dáhùn. Ó fi ìka sí ìsàlẹ̀ ojú ewé lápá ọ̀tún, ó ń wọ́ ọ bọ̀ wá sápá òsì, ó sì kà á ketekete: "Nígbà tí o bá ń fọ eyín, má ṣe jẹ́ kí omi ẹ̀rọ máa dà sílẹ̀ lásán." Ó gbójú sókè. "Màdáámù, ó dáa bí ẹ ṣe wá. Ó ti tó oṣù méjì tá a ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni náà, ṣé wọ́n ti mú un?"

"Ẹni wo, Bàbá?"

"Ẹni tó ń jẹ́ kí omi máa dà."

Màdáámù Kagendo gba ìwé náà, ó ṣí i sí ibòmíràn, bóyá ńṣe ni arúgbó há èyí àkọ́kọ́ sórí. Arúgbó tún dorí rẹ̀ kodò, ó tún kà á. Ó wá gbé ìwé fún obìnrin tó jókòó lápá òsì. Òun fi ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sókè, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń ka ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún fi ẹ̀gbẹ́ kejì sókè. Ẹni kan ṣoṣo ló kà á bí ìwọ àti èmi ṣe ń kà á, àwọn tó kù sì ń wò ó bí ẹni tó ní àléébù díẹ̀.

Wato ló là á yé e. Ìwé kan, èèyàn mẹ́jọ. Bí a bá gbé e lé ẹnì kan lọ́wọ́, àwọn méje á máa wo òfuurufú, nítorí náà àárín la gbé e sí, kálukú sì kọ́ ọ láti ibi tó jókòó. Màdáámù ní kí ló dé tí wọn ò máa pààrọ̀ ìjókòó. Ojú ti gbogbo òbírí náà nítorí tirẹ̀. Bí èèyàn ṣe tò ní kànga ló ṣe ń jókòó. Ẹni tí agbo rẹ̀ yóò kọ́kọ́ mu ló wà ní ìhà ìlà oòrùn, ìkejì tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò yíká. Ẹni tó bá dìde tó lọ jókòó síbi ẹlòmíì ti gba omi rẹ̀ nìyẹn, a sì ti gbé òkú nítorí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò dá ogun sílẹ̀ nítorí kó lè rí ìwé dáadáa?

Màdáámù Kagendo jókòó lórí òkúta. Ẹ̀rín kọ́kọ́ gbé èjìká rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé gbogbo ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu omijé. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, òbírí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dúró tì wọ́n títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló kàwé geere níbẹ̀, méje sì ń kọsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré nìyẹn. Mẹ́sàn-án ṣì wà káàkiri àgọ́.

Ó padà sọ́dọ̀ Halake. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn báyìí?"

Ó rọrùn láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ ti ń ṣí láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára Bàbá Elema, arúgbó tí kò gbà kí wọ́n pe orúkọ ìwé sétí rẹ̀ rí, eruku wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ìka rẹ̀ ṣì wà láàárín ojú ewé kó má baà ṣìnà.

"Rárá," ló wí. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ti ìwé yìí mọ́lé fún wọn. Àwọn ló kọ́ ara wọn."

Wato ń tú okùn bàtà rẹ̀, ó ń dì í padà. Màdáámù Kagendo ti ya fọ́ọ̀mù àárọ̀ sọnù, ó ti mú òmíràn. Ó kọ iye èèyàn, ó kọ iye ìwé. Ó ní kí àwọn ìwé náà dúró síbi tí wọ́n wà. Halake bẹ̀ ẹ́ pé kí òun mú ẹyọ kan péré padà sílé, èyí tí ewúrẹ́ jẹ, kí òun lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Wato ní a kì í gba ràkúnmí tí wàrà wà lọ́mú rẹ̀ kúrò nílé tó ti ń bọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

"Ó ku ìlà kan," ni Màdáámù wí. "Ibi tí ilé ẹ̀kọ́ wà. Kí ni kí n kọ?"

Gbogbo ojú yí sí Halake. Ó ronú nípa yàrá onípáànù náà, tábìlì rẹ̀, àga rẹ̀ tó ní ibi ìgbọ́wọ́lé, ojú fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ní ọ̀sán. Láti ibẹ̀ dé kànga ńlá, ìrìn ààbọ̀ ọjọ́ ni, kò sì sí ibòòji kan lọ́nà. Kì í ṣe ọkùnrin tó fẹ́ràn ìrìn.

"Ẹ kọ kànga," ló wí.

"Ibi tí tíṣà ń gbé ńkọ́?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ kọ kànga síbẹ̀ náà."

Lọ́jọ́ omi tó tẹ̀ lé e, Halake dé pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé tó so mọ́ ẹ̀yìn abo arúgbó rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Ẹni tó kẹ́yìn dé ni, ràkúnmí rẹ̀ ṣoṣo náà ló sì kéré jù ní iye, nítorí náà ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ni omi yóò kàn án, ibi tó ṣẹ́ kù fún un nínú òbírí sì ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, ẹ̀gbẹ́ Bàbá Elema, tí orí ìwé kọjú sí. Ó jókòó. Ó ní kí wọ́n bá òun yí ìwé náà padà díẹ̀, kí ẹ̀kọ́ lè bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n wò ó bí ẹni tó fẹ́ gba omi níwájú ẹlòmíì.

"Bí a bá yí i sí ọ, Tíṣà," ni Wato wí, "a ti yí i kúrò lọ́dọ̀ gbogbo wa. Ibi tí o wà yẹn ni kí o ti kà á."

Halake tẹ̀ síwájú. Ó wo ojú ewé náà, ìwé tó ti ń fẹ́ eruku orí rẹ̀ nù láti ọdún mẹ́ta, kò sì mọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Ó méfò ọ̀kan. Òbírí náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkà nínú. Ojú tì í, etí rẹ̀ gbóná, ó sì yà á lẹ́nu pé inú òun dùn. Bàbá Elema mú ìka rẹ̀, ó gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé lápá ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀.

"Rọra," ni arúgbó náà wí. "Èmi náà ṣe báyìí ní oṣù àkọ́kọ́."

Halake tẹ orí, ó pe ọ̀rọ̀ náà. Ó ṣì í pè. Wọ́n ní kó tún un pè.